Ìgò Ọjọ́bọ̀

Sàrátù ni ó kọ́kọ́ sọ fún Salome pé èèrà ń jọ síbi tí ọkọ rẹ̀ ń tọ̀ sí. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé wọn ní Igbó-Ọrà. Sàrátù tí ń ṣe gàrí ń gbé lápá kan pẹ̀lú Gàníyù ọkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé àti Salome ìyàwó rẹ̀ ń gbé lápá kejì, ẹ̀yìn ògiri náà sì ni àwọn ọkùnrin máa ń yà sí. Sàrátù kò pariwo ọ̀rọ̀ náà. Ó dúró lẹ́nu ilé ìdáná Salome ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fi etí ìró nu ọwọ́ tí omi ẹ̀gẹ́ ti sọ di funfun, ó ní:

"Màmá Abíọ́dún, ẹ má bínú sí mi o. Èèrà tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ti pọ̀ jù. Ibi tí Bàbá Abíọ́dún ń dúró sí gan-an ni wọ́n ń tò lọ. Bó ṣe rí fún bàbá tó bí mi nìyẹn, kó tó di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà."

"Ìyá Búrẹ́mọ̀, ṣé ìjọba ti fi yín ṣe wolé-wolé ìtọ̀ ni?"

"Ẹ bú mi tó bá wù yín. Mo ti sọ tèmi."

Salome dúró títí Sàrátù fi wọlé rẹ̀, ó wá yọ́ lọ sẹ́yìn ògiri. Èèrà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tò bí okùn dúdú láti ìdí igi ìbẹ́pẹ dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀ kíákíá, bí ẹni tí wọ́n bá nídìí olè. Ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń rí i pé Bàbá Abíọ́dún ń mu omi ìkòkò tán láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán, pé ṣòkòtò rẹ̀ ń yọ̀ nídìí. Ó ti fi okùn tuntun sí ṣòkòtò náà láìbi í léèrè ohunkóhun. Ó wá kù kí ará ìta wá sọ fún un.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì kí wọ́n máa gba ọ̀tún ni. Zachariah Akínladé, Bàbá Abíọ́dún, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta nígbà náà. Láti Tápà dé Lánlátẹ̀ kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó di akọ̀wé lágbègbè náà ni ó ti nà ní pàṣán rí. Irú ọkùnrin tó ń lọ aṣọ kó tó wọ̀ ọ́ lọ sóko ni. Nígbà tí Salome ní kí wọ́n lọ rí dókítà, ó béèrè ìdí rẹ̀, Salome ní ó ń rù. Kò dárúkọ èèrà.

Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Olúwayẹ́misí da omi aláwọ̀ aró kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó kán ìtọ̀ Bàbá Abíọ́dún sí i ní ẹ̀kán mẹ́jọ, ó sì gbé e sórí iná sípíríìtì. Omi náà hó. Ó kúrò ní àwọ̀ aró, ó dà bí ewé, ó dà bí ọsàn tó pọ́n, ó wá pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí bíríkì.

"Àtọ̀gbẹ ni," Dókítà Láńrewájú wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. "Kì í lọ tán, Tíṣà, ṣùgbọ́n a lè kápá rẹ̀. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja. Láfún tí kò ju ìkúùkù lọ. Ẹ gbàgbé iyán. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ máa mú ìtọ̀ ìdájí wá nínú ìgò. Tó bá ń pọ́n bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kàn, láràárọ̀, títí lọ."

"Kí n máa gbé ìtọ̀ kọjá lójú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́?" Bàbá Abíọ́dún dìde lórí àga. "Kò ṣeé ṣe."

"Kí Màmá máa gbé e wá nígbà náà. Kí ẹ̀yin sì máa yọjú lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta."

Báyìí ni ìgò Ọjọ́bọ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ Salome. Ó máa ń dé e pinpin, á gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, á kó ẹ̀fọ́ lé e lórí, á sì máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má bi í ní nǹkan. Wọn kì í ṣaláì bi í.

"Màmá Abíọ́dún, ṣé ẹ ti ń ta ẹ̀fọ́ ni? Ẹ ta fún wa níbí."

"Wọ́n ti sanwó rẹ̀."

"Ó sì ń dún lọ́lọ́ nínú apẹ̀rẹ̀! Irú ẹ̀fọ́ wo nìyẹn?"

Ọjọ́bọ̀ kìíní pupa, ìkejì dà bí ọsàn, ìkẹta dà bí ewé. Ọjọ́bọ̀ kẹrin, omi inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ hó títí, àwọ̀ aró rẹ̀ kò yí padà. Nọ́ọ̀sì Olúwayẹ́misí gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Àwọn ìyá bí ogún ló jókòó sórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin ìyá! Oògùn nìkan kọ́ ló ṣe èyí. Ọwọ́ tó ń dáná ló ṣe é. Màmá Abíọ́dún, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe ń wọn láfún."

Salome dìde. Kò tíì sí ibi kankan rí tí wọ́n ti ní kí ó dìde kọ́ ẹlòmíràn ní nǹkan. Kò ka ìwé. Nígbà tí àwọn ìyàwó tíṣà bá péjọ, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, tí wọ́n bá sì na ìwé orin sí i, á ní òun kò mú awò ojú wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní awò kankan nílé. Lọ́jọ́ náà ó di ìkúùkù rẹ̀, ó na án sókè, ó ní, "Báyìí ni. Kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ." Àwọn ìyá náà di ìkúùkù tiwọn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó bá dé, nọ́ọ̀sì á ní kó dìde.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló wá ba nǹkan jẹ́, tàbí kí á sọ pé Salome ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Wúràọlá dé láti Tápà lẹ́yìn ìkórè iṣu pẹ̀lú ogójì iṣu, ó ní òun fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àbúrò òun. Ní alẹ́ ọjọ́ tó dé, ó rí abọ́ tí Salome gbé síwájú Bàbá Abíọ́dún: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, láfún bí ìkúùkù. Ó wo abọ́, ó wo ọrùn àbúrò rẹ̀ tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, ó dìde, ó jáde sí àárín agbolé kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti sọ àbúrò mi di ewúrẹ́! Ewé ló ń jẹ! Ṣé ó jẹ ìyàwó yìí ní gbèsè ni? Kí ló ń fi owó oúnjẹ ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ló ní—"

"Dókítà ló fẹ́ ọ ni? Dókítà ló san ìdána? Ogójì iṣu ni mo kó wá, inú abọ́ àbúrò mi ni kí n sì bá wọn."

Bàbá Abíọ́dún ní kí ẹ̀gbọ́n òun rọra, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì wà lára iṣu. Salome rí i. Ó gbọ́ tí wọ́n ń ṣí fèrèsé yíká. Ó mọ ohun tí wọ́n ti ń wí lẹ́yìn òun tẹ́lẹ̀, pé ọkọ òun ń rù, òun ń sanra. Ní ọjọ́ kejì ó gún iyán. Ó gún un kára kí agbolé lè gbọ́ ìró ọmọ odó, ó bù ú rìbìtì, ó gbé e kalẹ̀. Wúràọlá ní, "Ó tó! Ìyàwó mi, báyìí ni ilé ṣe ń rí." Bàbá Abíọ́dún jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ náà, iyán ni.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgò wà lọ́wọ́ Salome nínú balùwẹ̀, ìtọ̀ ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gbé e sókè wò ó. Kò yàtọ̀ sí omi ìtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí iná sípíríìtì yóò fi hàn. Ó rò ó bí wọ́n á ṣe pè é dìde, tí omi náà á máa pọ́n níwájú ogún ìyá. Ó da ìtọ̀ náà nù. Ó fi omi ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, ó lóṣòó, ó tọ̀ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni. Tí Wúràọlá bá ti lọ, á padà sí ẹ̀wà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Wúràọlá lọ. Iyán kò lọ. Nígbà tí Salome gbé ẹ̀wà kalẹ̀, Bàbá Abíọ́dún béèrè pé, "Àwọ̀ wo ló mú lánàá?"

"Aró ni," Salome fèsì. Òótọ́ sì ni.

"Pẹ̀lú gbogbo iyán yẹn? Ìyá Abíọ́dún, mo ti gbà á nìyẹn! Olúwa ti wo mí sàn!" Ó ti ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó fa àgbò kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró níwájú ìjọ nínú aṣọ funfun, ó jẹ́rìí pé àtọ̀gbẹ tí wọ́n ní kì í lọ ti lọ, pé àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn fi ojú rí i nínú ìgò. Ìjọ hó yèè. Salome jókòó sẹ́yìn, ó fi gèlè bo iwájú orí. Ó ń ṣe é bíi kó wọnú ilẹ̀. Ìtọ̀ òun ni ọkọ òun fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí ọ̀nà tó lè gbà padà. Bàbá Abíọ́dún ń lo hóró rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọjú sí Dókítà mọ́. Oṣù márùn-ún ni Salome fi gbé ìtọ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì ń dìde, ó ń na ìkúùkù sókè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Bàbá Abíọ́dún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kó tó dé ilé-ìwé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń sá gùn. Á sọ̀ kalẹ̀, á di kẹ̀kẹ́ mú, á máa ṣe bí ẹni tó ń wo táyà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Salome bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ti gan pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ìṣó ti gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, ó ti fi gbogbo ọjọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ṣé ẹ kò mọ̀ ọ́n lára ni?"

"Kí ni kí n mọ̀ lára?" Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ àlejò.

Wọ́n jọ lọ rí Dókítà Láńrewájú ní Ọjọ́bọ̀. Nọ́ọ̀sì ti se ìtọ̀ inú ìgò tán kí wọ́n tó wọlé. Dókítà béèrè bóyá àyà ń dùn ún. Ó ní rárá. Bóyá apá ń dùn ún, tàbí àgbọ̀n. Rárá. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni, èémí ń gé, ó sì ń gùnfẹ̀. Dókítà fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i láyà fún ìgbà pípẹ́, ó wá jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún yín, Tíṣà. Àwọn iṣan kan wà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á máa dí. Ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ bá ń ṣe, àyà á máa dùn ún débi pé á pariwo. Ṣùgbọ́n alátọ̀gbẹ lè má mọ ìrora kankan, nítorí àtọ̀gbẹ ti sọ ara di òkú sí ìrora. Á kàn máa rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń mọ nǹkan lára níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi le bí irin," Bàbá Abíọ́dún dáhùn.

Salome wo ilẹ̀.

"Ohun tó ń dà mí láàmú ni káàdì yín." Dókítà ṣí i. "Aró, aró, aró. Oṣù márùn-ún. Kò sí ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ tó báyìí nínú gbogbo àwọn tí mò ń tọ́jú. Ẹ̀rọ kan wà n'Íbàdàn tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó burú jù ni mo kọ́kọ́ ń rán lọ. Tí kì í bá ṣe ti ìgò tí Màmá ń gbé wá yìí, ǹ bá ní kí ẹ máa lọ lónìí olónìí. Ẹ jẹ́ kí a fi oògùn inú wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì ná."

Ó yíjú sí Salome. "Màmá, ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn ìyá wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà, Nọ́ọ̀sì Olúwayẹ́misí sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Kò sí, Dókítà. Ẹ ṣé, sà."

Wọ́n fún un ní oògùn funfun ìgò kan, wọ́n padà sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Sàrátù bá a níbi tó ti ń ká aṣọ lórí okùn. "Màmá Abíọ́dún, wọ́n ní Bàbá ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ti san. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èèrà yẹn kò tíì lọ o."

"Ẹ lọ bá wọn tò síbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀! Aláìnítìjú! Ẹni tí kì í ṣe ìyàwó ọkọ mi tó ń ṣọ́ ìtọ̀ ọkọ mi!"

Sàrátù wò ó lójú, Salome sì mọ̀ pé ó ti mọ̀, pé tí kò bá mọ gbogbo rẹ̀, ó mọ ìdajì. Ó di aṣọ mọ́ra, ó sá wọlé.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Abíọ́dún ń gbàdúrà àárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ohùn rẹ̀ dúró láàárín gbólóhùn. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi, aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin pẹ̀lú òógùn tútù. Tíṣà Japheth dá ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹ̀gẹ́ dúró, wọ́n gbé e sí i. Nígbà tí Salome sáré dé ilé ìwòsàn, ó ti wà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pa dé, àwọ̀ ètè rẹ̀ ti yí padà. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ti dìde wá wò.

"Ṣé àyà ń dùn yín?" Dókítà ń bi í. Ó mi orí: rárá. "Màmá! Ó dára tí ẹ dé. Ṣé ó lo hóró rẹ̀ láàárọ̀?"

"Ó lò ó."

"Kí ló jẹ?"

Gbogbo bẹ́ńṣì ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ kó tó mọ̀: "Ẹ̀wà. Díẹ̀."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Dókítà yíjú sí nọ́ọ̀sì kíákíá. "Ó lo oògùn, kò jẹun tó, ìtọ̀ rẹ̀ ti mọ́ láti oṣù márùn-ún. Ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù. Òógùn tútù yìí, òun náà ni. Ẹ fa gúlúkóòsì, èyí tó lágbára, ẹ jẹ́ ká tètè fún un."

Nọ́ọ̀sì Olúwayẹ́misí fọ́ ọrùn ìgò kékeré, ó fa omi inú rẹ̀ sínú abẹ́rẹ́ ńlá. Dókítà so okùn rọ́bà mọ́ apá Bàbá Abíọ́dún, ó ń fi ìka wá iṣan. Salome ń wo abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń bọ̀. Ṣúgà ni. Ṣúgà ni wọ́n fẹ́ rọ sínú ọkùnrin tí òun gún iyán fún ní àná, tí òun se àsáró fún láàárọ̀ yìí.

"Ẹ dúró!"

Wọ́n dúró.

"Ìtọ̀ mi ni."

"Màmá, kí lẹ wí?"

"Èyí tí mò ń gbé wá. Kì í ṣe tirẹ̀. Tèmi ni. Èmi ni mò ń tọ̀ ọ́." Ohùn rẹ̀ ti ga, kò lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́. "Kò jẹ ẹ̀wà. Àsáró ló jẹ láàárọ̀, iyán ló jẹ lánàá, iyán ló ti ń jẹ látìgbà ìkórè. Ìṣó wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má fún un ní ṣúgà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un."

Ẹnìkan lórí bẹ́ńṣì wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Yéè, Màmá Abíọ́dún." Dókítà ti tú okùn rọ́bà. Kò bú u, kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní kí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìtọ̀ lára ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e sórí iná, omi náà kò tíì hó dáadáa tó fi pọ́n. Dókítà fi hóró kékeré kan sábẹ́ ahọ́n Bàbá Abíọ́dún, ó gún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un rìn.

"Ọkàn rẹ̀ ni," ó wí. "Ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí ẹ wá rí mi. Mo fún un ní oògùn inú."

Nọ́ọ̀sì Olúwayẹ́misí mú káàdì, ó jókòó, ó fi bírò pupa fa ìlà gba orí gbogbo ibi tó kọ aró sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé òkè. Salome kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ìlà pupa yẹn yé e. Nígbà tí nọ́ọ̀sì parí, ó ní, "Èmi ni mò ń pè yín dìde níwájú wọn." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wù Salome kó gbá òun létí.

Wúràọlá dé láti Tápà ní ọjọ́ kejì. Ó ń sunkún láti ẹnu géètì. "Iyán lo fi fẹ́ pa á! Dókítà ní kí ó má jẹ iyán, o ń gún iyán fún un!" Salome wò ó, ó gbìyànjú láti bínú, kò rí ìbínú kankan mú. Nírọ̀lẹ́, Sàrátù gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ wá fún un níta, ibi tó jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò nítorí pé kò lè wọlé lọ jókòó láàárín èèyàn. Sàrátù kò dárúkọ èèrà, kò dárúkọ èébú. Ó ní, "Ẹ jẹun, ẹ̀yin náà lára," ó sì dúró títí ó fi jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta Bàbá Abíọ́dún lajú dáadáa. Ó wò ó títí, ó ní, "Salome."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Abíọ́dún, ó tó ọdún mẹ́rìnlélógún, kò tíì fi orúkọ yẹn pè é.

"Sà."

"Àgbò tí mo fà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni mò ń dúpẹ́ lé lórí?"

"Ẹ foríjì mí. Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n pariwo lé mi lórí, gbogbo agbolé—"

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ló tọ̀ sínú ìgò?"

Salome kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọkọ rẹ̀ yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ tí Salome bá gbé wá, á jẹ ẹ́ tí nọ́ọ̀sì bá ti wò ó. Tí Salome bá sọ̀rọ̀, ògiri ni á máa wò.

Abíọ́dún dé láti Lánlátẹ̀ níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Ní ọjọ́ kẹfà Dókítà pe gbogbo wọn sídìí ibùsùn. Ó ní wọ́n á gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì kí ẹ̀rọ lè ka ọkàn rẹ̀. Ó ní wọ́n ń la àyà tún irú iṣan bẹ́ẹ̀ ṣe nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣe é nítòsí. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni kí ó sinmi, kí ó má gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kí hóró abẹ́ ahọ́n máa wà lápò rẹ̀, kí wọ́n sì kápá ṣúgà náà tọkàntọkàn.

"Hóró tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà ń jiyàn lórí rẹ̀ nísinsìnyí, bóyá ó dára fún ọkàn tó ti fara pa. N kò ní fi yín dán an wò. Abẹ́rẹ́ ni mo yàn, láràárọ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nílé tí yóò máa se ìtọ̀ lójoojúmọ́, tí yóò wo àwọ̀ rẹ̀ kó tó wọn oògùn. Tó bá wọ̀n ọ́n jù, ẹ lè kú. Tó bá wọ̀n ọ́n kéré, ọkàn á tún gbà á. Ẹni tó máa sọ òótọ́ fún mi ni mo fẹ́ kọ́. Ta ni kí n kọ́?"

Salome ti na ọwọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó ti ń rò ó láti ọjọ́ mẹ́ta pé òun á kọ́ ọ, òun á kọ́ nọ́ńbà tó wà lára abẹ́rẹ́, òun á jí ní ìdájí, òun á se é lójú gbogbo ayé, á sì pọ́n tó bá fẹ́ pọ́n.

Bàbá Abíọ́dún wo ọwọ́ náà. "Abíọ́dún ni," ó wí. "Tí mo bá ti Ìbàdàn dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Lánlátẹ̀ ni n ó máa gbé."

"Bàbá," Abíọ́dún bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Dókítà wo Salome lẹ́ẹ̀kan, ó wá mú abẹ́rẹ́ òfìfo lé Abíọ́dún lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ọwọ́ Salome ṣì wà nínà. Ó fà á padà, ó fi kó etí ìró rẹ̀ jọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, jíìpù ilé ìwòsàn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Salome ti fọ aṣọ funfun, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti dì í sínú àpótí kékeré. Abíọ́dún gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ máa lọ sílé, Màmá. Ẹ lọ sùn," ó wí, kò sì lè wo ìyá rẹ̀ lójú.

Nọ́ọ̀sì àti dírẹ́bà di Bàbá Abíọ́dún mú lápá méjèèjì. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ti tẹ̀ síwájú, aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Ó gba iwájú Salome kọjá, kò jìnnà tó apá kan. Salome kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, Bàbá Abíọ́dún. Ọlọ́run á mú yín dé bẹ̀ láyọ̀." Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ńṣì dá a lóhùn pé àmín, nítorí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ kò dá a lóhùn. Wọ́n gbé e wọlé. Abíọ́dún jókòó tì í. Ilẹ̀kùn pa dé.

Jíìpù náà yí lójú géètì, ó kọjú sí ọ̀nà Èrúwà. Láti orí ìkúnlẹ̀, Salome rí ẹ̀yìn orí ọkọ rẹ̀ nínú gíláàsì ẹ̀yìn, pẹ̀lú irun tó ti ń funfun nídìí ọrùn. Ó ń wò ó bóyá yóò yí. Eruku ọyẹ́ dìde lẹ́yìn táyà. Orí náà dúró gangan, ó ń wo iwájú, ó ń kéré lọ, títí igbó fi bo jíìpù náà.